Ta Ni Ó Fà Á? Èrò Díẹ̀ Lórí Àjàkálẹ̀-Àrùn Nínú Sinimá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Bí ẹni pé àríyànjiyàn ti parí ni a ṣe máa ń pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ara balẹ̀ tú u wò, a ó rí i pé ìbéèrè ńlá ni ó wà nídìí rẹ̀. Ǹjẹ́ gbogbo ohun tí ó ṣáájú ni ó máa ń fa ohun tí ó tẹ̀lé e? Bí ibi bá sì ṣẹlẹ̀ sí ìlú, ṣé dandan ni kí a rí ẹnì kan tí a ó nàka sí?

Ìbéèrè yìí sọ sí mi lọ́kàn ní alẹ́ ọjọ́ kan tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan jọ wo Contagion, sinimá tí Steven Soderbergh darí ní ọdún 2011. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré náà, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan ń ti Hong Kong bọ̀ wálé. Ó yà ní Chicago, ó pàdé ọkùnrin kan tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó dé ilé. Kò pẹ́ tí ó fi ṣubú lulẹ̀ nínú ilé ìdáná rẹ̀. Ó kú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin náà sì kú tẹ̀lé e. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pariwo pé, “Ẹ wò ó! Àgbèrè ni ó kó àrùn wọ ilé!” Gbogbo yàrá sì fọwọ́ sí i. Kò sí ẹni tí ó rántí pé kí obìnrin náà tó fojú kan ọkùnrin yẹn ni àrùn ti wà lára rẹ̀, àti pé ọwọ́ àti èémí ni àrùn náà ń gbà ràn, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àjẹ́ ké, ọmọ kú, ẹjọ́ parí.

Èrò mi nínú àròkọ yìí ni pé sinimá sábà máa ń kọ́ wa láti béèrè “Ta ni?” níbi tí ó yẹ kí a ti béèrè “Báwo ni?” Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìbéèrè méjèèjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú sinimá mìíràn yẹ̀ wò, èyí ni Outbreak, tí Wolfgang Petersen darí ní 1995. Nínú rẹ̀, wọ́n mú ọ̀bọ kan láti Zaire, orúkọ tí a ń pe Kóńgò ti Kinshasa nígbà náà, wọ́n sì gbé e dé Amẹ́ríkà. Ọ̀bọ yìí gbé àrùn kan tí àwọn òǹkọ̀wé eré náà fi inú ro, tí wọ́n pè ní Motaba. Àrùn náà dé ìlú kékeré kan ní Kalifóníà. Àwọn ọ̀gá ológun kan sì fẹ́ fi bọ́ǹbù pa ìlú náà rẹ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti pa àgọ́ kan rẹ́ ní Zaire ní 1967 ní ìbẹ̀rẹ̀ eré. Lẹ́yìn eré sísá àti wàhálà, ọwọ́ tẹ ọ̀bọ, wọ́n ti ara rẹ̀ rí oògùn, ìlú sì là.

Ẹ kíyè sí ohun tí irú eré bẹ́ẹ̀ ń kọ́ni. Ó ń kọ́ni pé àrùn ní ẹni kan tí ó ni ín. Bí ọwọ́ bá ti tẹ onítọ̀hún, ọ̀rọ̀ parí. Ó tún ń kọ́ni pé ilẹ̀ òkèèrè ni ibi ti máa ń wá. Àwọn ará Áfíríkà tí bọ́ǹbù pa níbẹ̀rẹ̀ eré kò ní orúkọ, kò sì sí ẹni tí ó sunkún wọn. Àwọn ará Kalifóníà ni orúkọ, ìdílé àti omijé wà fún.

A kò lè dá àwọn oníṣẹ́ sinimá lẹ́bi tán. Wákàtí méjì péré ni wọ́n ní láti fi sọ ìtàn. Ìtàn sì ń fẹ́ ọ̀tá tí a lè fojú rí. Kòkòrò àrùn kò ní ojú tí a lè yà ní àwòrán, kò ní ohùn, kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wá ọ̀bọ, àjèjì, ológun ìkà tàbí obìnrin alágbèrè láti wọ aṣọ àrùn fún. Àwa pẹ̀lú sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ìbínú rọrùn ju ìrònú lọ.

Síbẹ̀, Contagion fúnra rẹ̀ ní ọgbọ́n tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kò dúró rí. Ìparí eré ni ó tó fi ọjọ́ kìn-ín-ní hàn wá. Katakata ń wó igi nínú igbó. Àdán tí ó ń gbé lórí igi náà sá, ó já ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ, èyí tí ó kù sì bọ́ sínú ọgbà ẹlẹ́dẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ jẹ ẹ́. Wọ́n pa ẹlẹ́dẹ̀ náà, ó di ti alásè kan ní Macau. Alásè ń tọ́jú ẹran náà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pè é kí ó wá kí àlejò. Ó nu ọwọ́ sí aṣọ, kò fọ̀ ọ́, ó sì bọ obìnrin ará Amẹ́ríkà yẹn lọ́wọ́. Èyí tí ó tún yani lẹ́nu ni pé ilé iṣẹ́ tí obìnrin náà ń bá ṣiṣẹ́ gan-an ni ó ni katakata náà. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ fi kàn án kì í ṣe èyí tí a pariwo lé e lórí. A wo ibùsùn rẹ̀, a kò wo ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Èyí kì í ṣe àlọ́ lásán. Àrùn Nipah tí ó jà ní Malaysia ní 1998 sí 1999 ni wọ́n wò kí wọ́n tó hun ìtàn náà. Igi eléso wà nítòsí ọgbà ẹlẹ́dẹ̀, àdán ń jẹ èso, ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ èyí tí ó bọ́ sílẹ̀. Ó ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tí ó kú, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àwọn tí ń tọ́jú ẹlẹ́dẹ̀. Ó ju mílíọ̀nù kan ẹlẹ́dẹ̀ lọ tí wọ́n pa kí àrùn náà tó rọlẹ̀. Ta ni a ó mú níbẹ̀? Ṣé àdán ni, àbí ẹni tí ó gbin igi? Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ògiri dáadáa kí a tó ju òkò lu aláǹgbá.

Níhìn-ín ni ó ti yẹ kí a ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀, èyí tí a sábà máa ń dà pọ̀: ìdí, ẹ̀bi àti ojúṣe. Ìdí ni ohun tí ó mú kí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ẹ̀bi ni ti ẹni tí ó mọ ohun tí ó tọ́, tí ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe òdì kejì. Ojúṣe ni ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa láti ṣe, yálà a jẹ̀bi tàbí a kò jẹ̀bi. Alásè Macau wà nínú ìdí àrùn, ṣùgbọ́n kò mọ̀. Ọkùnrin kan tún wà nínú eré kan náà, Alan Krumwiede ni orúkọ rẹ̀, tí ó ń purọ́ fún àwọn ènìyàn pé àgbo kan wo òun sàn. Ọkùnrin yìí kò sí nínú ìdí àrùn rárá, síbẹ̀ ẹ̀bi rẹ̀ wúwo ju ti alásè lọ. Irú Krumwiede kò sì jìnnà sí wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù tàn ká Nàìjíríà pé kí á fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí á sì mu ún, kí Ebola má baà mú wa. Iyọ̀ yìí pa àwọn tí Ebola kò rí.

Àwọn baba wa náà mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí a bá fi ìdí àrùn lé ẹnì kan lọ́wọ́. Ní ayé ìgbóná, tí a kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀, àwọn àwòrò Ṣọ̀pọ̀ná ni wọ́n ní àṣírí rẹ̀ lọ́wọ́. Dókítà Oguntola Sapara yọ́ wọ inú awo náà, ó sì jábọ̀ pé àwọn kan nínú wọn ń fi ohun tí wọ́n ha lára aláìsàn tan àrùn kálẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá di ìdí àrùn mú, ó ti di ẹ̀rù gbogbo ìlú mú.

Ṣùgbọ́n báwo ni ìgbóná ṣe tán láyé? Òfin nìkan kọ́. Ní ìparí ọdún 1966, ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Ogoja, ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, William Foege, wà níbẹ̀. Àbẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó wà lọ́wọ́ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò tó gbogbo ènìyàn. Wọ́n wá ibi tí aláìsàn wà, wọ́n wádìí ibi tí ó ti dé àti àwọn tí ó bá pàdé, wọ́n sì gún àwọn wọ̀nyí ní abẹ́rẹ́ ṣáájú ẹlòmíràn. Wọn kò béèrè ẹni tí ó ṣẹ òrìṣà. “Báwo ni ó ṣe ń rìn?” ni wọ́n béèrè. Ọ̀nà yìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé mú lò káàkiri. Ní 1977 ni ìgbóná mú ènìyàn gbẹ̀yìn láti ara ẹlòmíràn bí ó ti máa ń ṣe, ní Somalia. Ní 1980, a kéde pé ó ti tán láyé.

Ọgbọ́n yìí kan náà ni ó gba Èkó là ní 2014, èyí tí Steve Gukas sọ ìtàn rẹ̀ nínú sinimá 93 Days ní 2016. Ní ogúnjọ́ oṣù keje, arìnrìn-àjò kan tí ó ní Ebola ti Liberia dé Èkó. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ láti jẹ́ kí ó kúrò ní ilé ìwòsàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń fúngun mọ́ ọn. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ, àrùn náà pa dókítà yìí. Ogún ènìyàn ni ó mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ nínú wọn kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá ẹni tí ó tó ẹgbẹ̀rún ó dín díẹ̀, tí ó ti súnmọ́ àwọn aláìsàn, wọ́n sì ń lọ wò wọ́n nílé lójoojúmọ́. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, a kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Nígbà tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣépè fún àlejò tí ó ti kú, àwọn kan ń rìn láti ilé dé ilé. Àwọn tí ń rìn ni ó gbà wá, kì í ṣe àwọn tí ń ṣépè.

Ẹ wo òdì kejì rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ní Womey ní orílẹ̀-èdè Guinea, ènìyàn mẹ́jọ nínú àwọn tí ó wá ṣàlàyé Ebola fún ará abúlé ni wọ́n pa, nítorí wọ́n rò pé àwọn ni ó ń gbé àrùn náà kiri. “Ta ni?” ni àwọn ará abúlé béèrè, ìbéèrè náà sì rí ìdáhùn lójú ẹsẹ̀. Ọdún 2020 ni ó kàn wá, nígbà tí àrùn kòrónà gbòde. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ní Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n lé ọ̀pọ̀ ará Áfíríkà jáde kúrò nínú ilé tí wọ́n ń gbé, àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn, àwọn kan sì sun ìta. Ìka tí a kọ́ láti máa nà sí àjèjì kò mọ olówó rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àwa náà a di àjèjì.

Ẹnì kan lè wí pé, “Ṣé kí a má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi mọ́ ni?” Rárá o. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun ní àrùn tí ó sì fi í pamọ́ jẹ̀bi. Ẹni tí ó ń ta irọ́ ní igo jẹ̀bi. Aláṣẹ tí ó mọ̀ tí ó dákẹ́ jẹ̀bi. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìgbà ni ohun gbogbo ní. Kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó wá fi àbọ̀ bá adìyẹ. Ẹni tí ó bá ń na adìyẹ nígbà tí akátá ṣì wà lẹ́yìn ilé, òmìíràn ni akátá yóò tún gbé.

Olùkọ́ ni púpọ̀ nínú wa yóò dà. Sinimá ti di olùkọ́ kejì nínú ilé àwọn ọmọ tí a ó kọ́, a kò sì lè ní kí wọ́n má wò ó. Bí wọ́n bá ti wò ó tán, kí a bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Báwo ni àrùn yìí ṣe rìn? Ta ni ó mọ̀, tí ó sì dákẹ́? Kí ni ìwọ lè ṣe? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó pariwo ní alẹ́ ọjọ́ yẹn dúró wo ìparí eré náà. Nígbà tí ó rí katakata, igi, àdán, ẹlẹ́dẹ̀ àti ọwọ́ tí a kò fọ̀, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “Ọ̀gá, nígbà náà, ta ni kí a mú?” Mo ní kí ó kọ́kọ́ lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ ná.