Ènìyàn ni Aṣọ: Àròjinlẹ̀ Lórí Ọyẹ́ àti Ojúṣe Ẹni sí Ẹnìkejì

Yorùbá kò fi ìgbà kankan sílẹ̀ láìní kíkí tirẹ̀. Òjò ní kíkí tirẹ̀, oòrùn ní tirẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ bá sì dé, tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fẹ́ bọ̀ láti Òkè Ọya, 'Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn' ni ẹnìkan ń sọ fún ẹnìkejì. Kíkí náà dùn létí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tí ó kí ènìyàn kú ọ̀gìnnìtìn ti jẹ́wọ́ pé òun rí i pé òtútù ń mú un. Bí ó bá ti rí i, kí ni ó kù tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè? Ṣé kíkí ti tó, àbí ó yẹ kí aṣọ tẹ̀ lé e?

Ìbéèrè yìí lè jọ asán ní ìlú tí ooru ti pọ̀ ju òtútù lọ. Yìnyín kì í bo ilẹ̀ ní Ìpájà. Abúlé Àwórì ni Ìpájà kí Èkó tó gbòòrò dé ibẹ̀, kí ẹ̀sítéètì Gowon, ti Shagari àti ti Abẹ́sàn tó kún agbègbè náà, kí Ìyànà Ìpájà tó di oríta tí ọkọ̀ àti èrò kì í tán lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Afẹ́fẹ́ òkun kì í jẹ́ kí ọyẹ́ pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí òru Jos lè lọ sílẹ̀ dé 10°C, ti Èkó kì í sáàbà kọjá nǹkan bí 20°C. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti London dé yóò gbọ́ iye yìí, yóò sì rẹ́rìn-ín. Àmọ́ irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ìgbóná nìkan kọ́ ni a fi ń wọn òtútù. Ara tí ooru 32°C ti mọ́ lára, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, fèrèsé tí kò ṣeé tì dáadáa, aṣọ ìbora kan ṣoṣo tí ọmọ mẹ́ta ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́: àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú jẹ́ òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó ní àdín àti òrí tí yóò fi para, tí ó ní kúbùsù àti ilẹ̀kùn tí ó ṣeé tì, ìtura ni ọyẹ́ jẹ́ fún un. Nítorí náà ọyẹ́ kan náà kì í ṣe ọyẹ́ kan náà.

Nínú ìwé tí A. B. Ellis kọ nípa àwọn Yorùbá ní 1894, ó sọ pé àwọn kan gbà pé òmìrán kan ni Ọyẹ́, tí ó ń gbé inú ihò níhà àríwá Ìlọrin. Lóde òní a mọ̀ pé aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ náà ti ń bọ̀, pàápàá jù lọ láti ibi pẹ̀tẹ́lẹ̀ Bodélé ní ilẹ̀ Chad, tí ó ń gbé eruku rẹ̀ kọjá lórí ìlú púpọ̀ kí ó tó dé etí òkun. Àwọn atukọ̀ òyìnbó àtijọ́ tí wọ́n ń ṣòwò ní etí òkun yìí pè é ní 'dókítà', nítorí pé ó máa ń gbẹ ọ̀rinrin tí ó ń dà wọ́n láàmú. Afẹ́fẹ́ kan náà ni: àwọn kan ń pè é ní oníṣègùn, àwọn mìíràn ń wúkọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́ nítorí rẹ̀. Yálà òmìrán ni o, yálà afẹ́fẹ́ lásán ni o, kò sí ẹni tí ó lè pe ọyẹ́ lẹ́jọ́. Ibi tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí afẹ́fẹ́ bá dé ẹnu géètì, tí ó bá ènìyàn kan lóde tí ó sì mọ̀ pé ẹnìkan wà nínú ilé.

Bí a bá gba àdúgbò Ìpájà tàbí Ayọ̀bọ̀ kọjá ní agogo mẹ́rin ìdájí nínú oṣù Ọ̀pẹ tàbí oṣù Ṣẹ́rẹ́, a óò rí ẹni náà. Ọlọ́dẹ ni. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ká ẹsẹ̀ jọ, ó fi fìlà bo etí, ó fi ìgò omi tàbí tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú ilé tí ó ń ṣọ́, ènìyàn mẹ́fà tàbí méje ń sùn. Bí a bá bi onílé bóyá ó jẹ ọlọ́dẹ yìí ní ohunkóhun, yóò dáhùn pé òun kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀; ìparí oṣù ni òun ń san owó rẹ̀, kò sì sí oṣù kan tí òun jẹ. Onílé náà lè jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí pé ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba iṣẹ́ òru ti mọ̀ pé òru ní òtútù. Àdéhùn ni àdéhùn.

Ṣùgbọ́n kí ni onílé rà gan-an? Ó ra wákàtí, ó ra ojú tí kò sùn, ó ra ohùn tí yóò ké bí olè bá dé. Kò ra ẹ̀dọ̀fóró ọkùnrin náà. Bí ẹni tí ó gba iṣẹ́ nítorí àtijẹ àtimu bá fara gba ohun tí owó oṣù kò dárúkọ, kì í ṣe pé ó ti tà á. Ó kàn jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò bi í ni. Ó ṣe tán, òtútù tí ọlọ́dẹ náà ń gbà, òtútù onílé ni. Bí kò bá sí i níbẹ̀, onílé fúnra rẹ̀ ni ìbá máa dìde lóru láti wo ẹ̀yìn géètì. Ẹni tí ó bá ru ẹrù ẹni kò yẹ ní ẹni tí a óò máa wò bí àlejò.

Ní ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, onílé ní èsì kan tí ó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Yóò ní, 'Kí ló dé tí kò béèrè? Ìbá ṣe pé ó wí fún mi pé òtútù ń mú òun, ṣé n óò ní kí ó má gba kúbùsù ni?' Àwọn àgbà náà sì ní ẹnu ẹni ni a fi ń kọ mé jẹ. Ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò mọ inú rẹ̀? Èsì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rere gbára lé, òun sì ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò jù lọ, nítorí pé ó gbé ojúṣe kúrò lọ́rùn ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, ó gbé e ka orí ẹni tí ń gbọ̀n.

Òtútù líle máa ń gba ohùn lẹ́nu ènìyàn. Ìwọ̀n ìgbóná ara tí ó dá ṣáṣá jẹ́ nǹkan bí 37°C. Bí ó bá ń lọ sílẹ̀, ara yóò kọ́kọ́ gbọ̀n; gbígbọ̀n náà ni ọ̀nà tí ara fi ń dá iná fún ara rẹ̀. Bí ó bá lọ sílẹ̀ ju 35°C lọ, ewu dé. Bí ó bá tún lọ sílẹ̀ sí i, ọpọlọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ọ̀rọ̀ yóò máa lọ́ lẹ́nu, gbígbọ̀n yóò dáwọ́ dúró, ẹni náà yóò sì fẹ́ sùn. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ ara wọn, bí ẹni pé ooru ni ó ń mú wọn. Nígbà tí ó yẹ kí ó ké jù lọ ni kò mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe òun mọ́.

Òtútù Èkó kì í sáàbà burú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dé bá àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n wà ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ìlú tí ọ̀pọ̀ wọn yàn nítorí pé ooru rẹ̀ jọ ti ilé. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2021, ìwọ̀n ìgbóná lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí -10°C níbẹ̀. Iná mànàmáná lọ nínú ilé tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ ní ìpínlẹ̀ náà, ilé tí a kọ́ fún ooru sì di yàrá yìnyín. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ka ènìyàn 246 mọ́ àwọn tí ó kú. Òtútù fúnra rẹ̀ ni ó pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kan wà tí ohun tí wọ́n fi lé òtútù ni ó pa wọ́n: wọ́n dáná èédú sínú ilé, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sí ìtòsí yàrá, tàbí kí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì tí a tì. Carbon monoxide tí ń jáde lára irú iná bẹ́ẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Orí fífọ́ àti oorun ni ó fi ń kí ènìyàn. Ẹni tí ó ń pa kì í pariwo.

Èyí kò jìnnà sí Ìpájà rárá. Ìdílé tí ó bá gbé àdògán eléèédú wọ yàrá ní alẹ́ ọyẹ́, kí ara ọmọ jòjòló lè gbóná, tí ó sì ti fèrèsé pa, ewu kan náà ni ó pè wọlé. Alábàágbé tí ó rí i pé wọ́n ń gbé àdògán náà wọlé, tí ó sì dákẹ́ nítorí pé a kì í bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ inú yàrá wọn, ṣé ó lè sọ ní ọjọ́ kejì pé wọn kò ké pe òun?

Ẹlòmíràn wà tí òtútù díẹ̀ tó láti dá a dùbúlẹ̀, tí kì í sì í sọ. Ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde ni. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń tẹ̀ bí dòjé. Bí òtútù bá mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì, wọn a dí ọ̀nà, ìrora a sì bẹ̀rẹ̀ nínú egungun. Nǹkan bí ẹnìkan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ni ó ní àbùdá àrùn náà nínú ẹ̀jẹ̀, bí ara wọn tilẹ̀ le. Nítorí náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè wà. Òun náà dúró lórí ìlà ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Súẹ́tà tí ìyá rẹ̀ wọ̀ fún un kì í ṣe àwọ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ yàn. Olùkọ́ ní kí ó bọ́ ọ. Ọmọ náà bọ́ ọ, nítorí pé a ti kọ́ ọ láti gbọ́ràn, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún un nílé pé kí ó má sọ àìsàn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Òfin aṣọ kì í ṣe ohun búburú. Ó ń mú kí ọmọ olówó àti ọmọ tálákà jọ ara wọn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó ń dúró kí ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣàlàyé ara rẹ̀ kí òun tó jẹ́ kí ó wọ súẹ́tà ń béèrè ohun tí àgbàlagbà pàápàá kì í lè ṣe. Nígbà tí wọ́n bá fi máa gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn, aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́; Ọmọ́yẹ ti rin ìhòòhò wọ ọjà.

Ohun tí ó wà nínú 'Ènìyàn ni aṣọ mi' nìyẹn, tí ẹnu ń yára sọ kọjá. Aṣọ kì í béèrè lọ́wọ́ ara bóyá òtútù ń mú un. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ́ aṣọ fún ẹnìkejì lóòótọ́, kò yẹ kí ó dúró de ẹ̀bẹ̀.

Àwọn òfin kan ti gba èyí rò. Ní England àti Wales, ìjọba máa ń san pọ́ùn 25 fún àwọn aláìní kan tí wọ́n ti ń gba ìrànwọ́, nígbàkígbà tí òtútù agbègbè wọn bá wà ní 0°C tàbí kí ó lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méje léraléra. Ojú ọjọ́ ni ó ń béèrè fún wọn. Síbẹ̀, àwọn àjèjì púpọ̀ tí wọ́n ń gbé níbẹ̀ ni ìwé ìwọ̀lú wọn kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan irú owó bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá kò sì gbẹ́yìn nínú wọn. Fún irú wọn, ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn ni aṣọ tí ó kù.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra, nítorí pé aṣọ mìíràn wà tí ó ń tú ènìyàn síta ju kí ó bò ó lọ. Ẹni tí ó fún ọlọ́dẹ ní kúbùsù ní ojú gbogbo àdúgbò, tí ó sì ń dárúkọ rẹ̀ títí òjò fi dé, ìyìn ni ó fi kúbùsù rà. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè ní kí ayálégbé tí òun náà ń gbọ̀n bọ́ tirẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí ó ní, ó sì kan án ju àwọn tó kù lọ bí ó bá jẹ́ òun ni ó fi ẹnìkejì sí ojú afẹ́fẹ́.

Àwọn onílé kan tún ní ọ̀rọ̀ mìíràn, tí wọn kì í sọ jáde bí kò ṣe láàárín ara wọn: pé bí ara ọlọ́dẹ bá gbóná tán, yóò sùn. Òótọ́ ni pé yóò ṣòro fún un láti má sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ti fi òtútù ṣe pàṣán. Òtútù ni ó gbà síṣẹ́, ó kàn rí ènìyàn kan tí yóò jókòó tì í ni. Ènìyàn kan kò lè la ojú láti agogo méje alẹ́ di agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ní ojoojúmọ́, yálà ọyẹ́ ń fẹ́ tàbí kò fẹ́. Méjì ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà, kí ọ̀kan máa ṣọ́ ilé títí di ọ̀gànjọ́, kí èkejì sì wà nínú yàrá ẹnu géètì, lábẹ́ aṣọ, títí yóò fi kàn án.