Àánú Tí Ó Ń Dá Ọmọ Jókòó

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò: bí a bá yọ ọmọ tí kò lè fi ẹsẹ̀ rìn kúrò nínú eré ìdárayá ní ilé-ìwé, ṣé àánú ni a ṣe fún un, àbí a fi nǹkan dù ú?

Ọmọ tí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́ ni mo ń sọ. Ìjàm̀bá ọkọ̀ a máa fà á, ìjábọ́ láti orí igi a máa fà á; a sì ń bí àwọn mìíràn tí eegun ẹ̀yìn wọn kò pàdé. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ pàápàá, inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni ó ti ń gba agbára lọ́wọ́ ẹsẹ̀. Nígbà tí agogo eré bá lù, olùkọ́ a ní, "Ìwọ, jókòó sí abẹ́ igi, máa ṣọ́ bàtà àwọn ẹgbẹ́ rẹ." Inú rere ni ó fi sọ ọ́. Ìyá ọmọ náà a sì dúpẹ́, nítorí ẹ̀rù ń bà á kí ọmọ má baà tún ṣubú.

Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ farapa lè máà mọ̀ bí nǹkan bá bó o lẹ́sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ apá òkè ẹ̀yìn ni ó ti farapa, kì í làágùn bó ti yẹ, ooru sì lè ṣe é léṣe kíákíá. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ gbọ́ ti dókítà, kí omi mímu àti ibòji sì wà nítòsí. Ṣùgbọ́n ìjókòó lójú kan ní ewu tirẹ̀: egbò ìdí, àti apá tí kò ní lágbára láti gbé ara kúrò lórí ibùsùn bọ́ sórí àga. Ewu méjì ni ó wà. Ọ̀kan ṣoṣo ni a máa ń rí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà kan wà tí ń jẹ́ Ludwig Guttmann, Júù tí ó sá kúrò ní Jámánì ní 1939. Ní 1944, wọ́n fi í ṣe olórí ibi ìtọ́jú àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn farapa ní Stoke Mandeville. Nígbà náà, egbò àti àrùn inú ìtọ̀ ni ó ń pa ọ̀pọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Wọn a káàánú wọn, wọn a sì tẹ́ wọn sílẹ̀ kí ikú dé. Guttmann kọ̀. Ó ní kí wọ́n máa yí wọn padà ní wákàtí méjì méjì, ó sì fi eré ìdárayá kún ìtọ́jú wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù July, 1948, ọjọ́ tí eré Òlíḿpíìkì bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ènìyàn 16 lórí àga onítáyà, ọkùnrin 14 àti obìnrin 2, díje nínú ọfà títa. Láti ibẹ̀ ni Paralympics ti jáde. Ibẹ̀ náà ni ọmọ wa Folashade Oluwafemiayo ti gba wúrà nínú irin gbígbé, ní Tokyo ní 2021 àti ní Paris ní 2024. Apá ni wọ́n fi ń gbé irin náà, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Àwọn àgbà ní wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Ní ti àwọn ọmọ wọ̀nyí, a ti yí òwe náà padà: ìsàlẹ̀ nìkan ni à ń wò. A wo ẹsẹ̀, a kò wo apá, ojú, ọgbọ́n, àti ọkàn tí ó fẹ́ borí.

Ẹlòmíràn lè ní, "Bí a bá yí òfin eré padà nítorí ọmọ kan, ṣé kì í ṣe ẹ̀tàn ni?" Rárá o. Ènìyàn ni ó ṣe òfin eré. Nínú tẹníìsì orí àga onítáyà, bọ́ọ̀lù lè ta lẹ́ẹ̀mejì nílẹ̀ kí a tó gbá a; síbẹ̀, ẹni tí apá rẹ̀ kò yá yóò pàdánù. Ẹ̀tàn ni kí a máa pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tí a kò jẹ́ kí ó ṣe nǹkan kan.

Ẹ rántí àwọn mẹ́rin tí wọ́n gbé arọ wá sọ́dọ̀ Jésù nínú Máàkù orí kejì. Èrò kún ẹnu ọ̀nà. Wọn kò sọ fún un pé kí ó dúró síta, kí wọ́n máa wá ròyìn fún un. Òrùlé ni wọ́n tú. Kí Olúwa tó wo ọkùnrin náà sàn, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wá àyè fún un bí ó ti wà.

Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní January 2019 kò gbà kí a fi àìlera ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í bá ọmọ ju bọ́ọ̀lù. Ẹ jẹ́ kí a lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, kí a mú ìwé dókítà dání, kí a bèèrè bọ́ọ̀lù tí ó fúyẹ́ àti ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Ní ọjọ́ eré àwọn ọmọ Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan máa ṣọ́ bàtà.

Kí Olúwa fún wa ní àánú tí ń tú òrùlé. Àmín.