Gbọ́ Tẹnu Àwọn Méjèèjì

Ìwọ ọ̀dọ́ òǹkàwé, bí aáwọ̀ ilẹ̀ bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun, má ṣe yára dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi: agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìjọba amúnisìn kò ka èyí sí ní 1925, nígbà tí wọ́n lé Ọba Èṣùgbàyí Elékòó kúrò ní Èkó lọ sí Ọ̀yọ́ láìbá a ṣẹjọ́. Òfin wọn kò gbà kí a ṣe bẹ́ẹ̀ sí Òyìnbó ní ìlú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ilé ẹjọ́ kò gbọdọ̀ wádìí àṣẹ Gómìnà lórí ọba aláwọ̀ dúdú. Ní 1931, àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù dá a pé Gómìnà pàápàá gbọ́dọ̀ fi hàn níwájú adájọ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ bá òfin mu. Ọba sì padà wálé lọ́dún náà. Ohun tí a kọ̀ lọ́wọ́ àjèjì, ẹ má jẹ́ kí a fi ṣe aládùúgbò wa.