Ọ̀nà Ẹja àti Àmánà Ọwọ́ Wa

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó dá òkun àti odò, tí Ó sì fi ẹran tútù inú wọn ṣe ìjẹ fún ọmọ ènìyàn.

Ní agbègbè wa yìí, Ìkìrun, Inísà àti Òkukù, odò Ọ̀tìn ni a mọ̀, èyí tí wọ́n sé ní Eko-Ende kí ìlú lè rí omi mu. Ẹlòmíràn lè wí pé: kí ni ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ ẹja etí òkun? Kí olúwarẹ̀ dé ọjà. Òkú Èkó tí àwọn ìyá wa ń rà, ṣebí inú òkun ni ó ti wá? Ẹni tí ó bá ń jẹ nínú nǹkan, ìtọ́jú rẹ̀ kàn án.

Ìbéèrè wa nìyí: bí Ọlọ́hun bá fi ọ̀nà tí ẹja ń gbà hàn wá, ṣé kí a dẹ àwọ̀n dí ọ̀nà náà ni, tàbí kí a máa ṣọ́ ọ?

Ìmọ̀ náà ti dé. Láàrin ọdún 2015 sí 2020, ICCAT, àjọ tí ń bójútó ẹja tuna ní òkun Àtìláńtíìkì, fi àmì kékeré tí ó ní nọ́ńbà sí ara ẹja tí ó lé ní 100,000, wọ́n sì dá wọn padà sínú omi láàyè. Apẹja tí ó bá rí àmì náà yóò mú un wá, yóò sì gba ẹ̀bùn. Ní ibòmíràn, ẹ̀rọ kékeré tí ń dún ni wọ́n ń fi sínú ẹja, ẹ̀rọ mìíràn a sì máa gbọ́ ọ lábẹ́ omi bí ó bá ti ń kọjá. Báyìí ni a ṣe ń mọ ibi tí ẹja ń lọ, bí ó ṣe ń dàgbà, àti iye tí ó ń yè. Ṣùgbọ́n bí apẹja bá purọ́ ibi tí ó ti rí àmì, ìmọ̀ náà bàjẹ́. Lórí òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀ dúró.

Ẹ rántí ìtàn inú Súrà Al-A'ráf, áyà 163. Ọlọ́hun kọ̀ fún àwọn ará ìlú kan létí òkun pé kí wọ́n má pẹja ní ọjọ́ Sábáàtì. Ọjọ́ náà gan-an ni ẹja ń yọ sójú omi. Bí ọjọ́ mìíràn bá dé, wọn kò ní rí wọn. Àwọn onítúmọ̀ sọ pé wọ́n dẹ àwọ̀n sílẹ̀ kí Sábáàtì tó dé, wọ́n sì kó ẹja lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n mọ ọ̀nà ẹja dájúdájú. Ìmọ̀ náà ni ìdánwò wọn, òun náà ni wọ́n fi ṣubú.

Ní ọdún 2019, ìjọba Gánà ní kí àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré sinmi ẹja pípa láti 15 oṣù Karùn-ún sí 15 oṣù Kẹfà, kí ẹja lè ráyè yé. Ẹnìkan lè bèèrè pé: ọmọ apẹja ńkọ́, kí ni yóò jẹ? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí a bá di ẹrù lé tálákà nìkan lórí, tí ọkọ̀ ńlá sì ń wọ́ àwọ̀n rẹ̀ lọ, òṣùwọ̀n ti yẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1992 kọ̀ fún àwọn ọkọ̀ ńlá láti pẹja láàrin máìlì òkun 5 sí etíkun. Ó yẹ kí a mú un ṣẹ. Kí ọlọ́rọ̀ sì fi sàdáákà ran ẹni tí ó ká àwọ̀n rẹ̀ kò lọ́wọ́. Ààwẹ̀ ti kọ́ wa pé ẹni tí ó fi ohun ẹ̀tọ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kò pàdánù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìdánwò yìí kò jìnnà sí wa. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, àrọ̀ a máa gbé ẹyin rẹ̀ wá sínú koríko tí omi bò, níbi tí omi kò ti jìn. Ọwọ́ lásán lè mú un. Ẹni tí ó bá rí i nígbà náà, kí ó rántí àwọn ará Sábáàtì. Mímú tí ó rọrùn kọ́ ni ẹ̀rí pé ó yẹ ní mímú.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní, kí Ó sì fún wa ní ọwọ́ tí ó lè pa àmánà mọ́. Àmín.