Wá Ire Ìlú Rẹ

Bíbélì kíkà: Jeremáyà 29:4–7

Ìgbèkùn ni Bábílónì jẹ́ fún àwọn tí Jeremáyà kọ̀wé sí. Síbẹ̀, Ọlọ́run ní kí wọ́n kọ́lé síbẹ̀, kí wọ́n dáko, kí wọ́n sì máa wá ire ìlú náà. Kò ní kí wọ́n dúró dìgbà tí Bábílónì bá gbàgbọ́.

Èyí bá wa wí. Àwọn mìíràn nínú wa kì í yọjú sí ìpàdé ìlú. Wọ́n ní àwọn olóṣèlú àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ló kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ní 1877. Nígbà tó di 1886, àlùfáà méjì ni wọ́n rán wọ ibùdó ogun: Samuel Johnson lọ bá Ìbàdàn, Charles Phillips láti Oǹdó lọ bá Èkìtìparapọ̀. Wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, wọ́n ń gbé èsì bọ̀, títí tí ìhà méjèèjì fi tọwọ́ bọ àdéhùn àlàáfíà ní oṣù kẹfà ọdún náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn jagunjagun tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn.

Ní January 29, 2024, àwọn ajínigbé kó àwọn ọmọ ilé-ìwé Apostolic Faith ní Emùré-Èkìtì pẹ̀lú àwọn olùkọ́ àti awakọ̀ wọn. Àwọn ọmọ náà padà wálé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Awakọ̀ wọn kò bá wọn dé. Ìjọ kan ló ni ilé-ìwé, gbogbo ìlú ló ni ẹkún. Ajínigbé kì í bèèrè ṣọ́ọ̀ṣì téèyàn ń lọ. Ọ̀nà kan náà ni Kátólíìkì, Áńgílíkà àti Mùsùlùmí ń gbà lọ sóko láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá ṣe ìṣọ́ òru fún ààbò ìlú, kí ẹnìkan nínú wa wà níbẹ̀ nígbà tí ìlú bá ń jíròrò lórí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ̀nà, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ ṣán igbó tó bo ẹ̀gbẹ́ títì. Ibẹ̀ náà ni àdúrà wa ti ń rìn.

Ṣe èyí lónìí: Bèèrè ọjọ́ ìpàdé àdúgbò rẹ, kí o sì lọ. San owó tí wọ́n bá dá. Mú àdá dání lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe iṣẹ́.

Àdúrà: Olúwa, dáàbò bo àwọn ọmọ wa lójú ọ̀nà. Má ṣe jẹ́ ká bẹ̀ Ọ́ fún ìlú tí a kò fẹ́ ṣiṣẹ́ fún. Àmín.