Ta Ló Gba Epo Lọ́wọ́ Olè?

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé òwe yìí wá sórí fóònù wa. Ká ní onífọ́tò kan jí ní kùtùkùtù, ó gun Òkè Olúmọ, ó ya Abẹ́òkúta bí oòrùn ṣe ń yọ, ó wá kọ orúkọ ara ẹ̀ sí igun àwòrán náà. Ẹnì kan gé igun yẹn dànù, ó jù ú sórí WhatsApp. Àwa tó kù gbà á, a fi sí status, a tún fi ránṣẹ́ síwájú. Nígbà tó yá, ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ sórí kàlẹ́ńdà, ó ń tà á. Ta ni olè nínú gbogbo wa?

Irú àmì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní watermark. Ó ti pẹ́ láyé: láti bíi ọdún 1282 ni àwọn tó ń ṣe pépà ní Ítálì ti ń fi àmì sínú pépà nígbà tó bá ṣì tutù. Ẹ gbé owó náírà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí irú ẹ̀. Ti pépà ṣòro yọ, torí inú pépà gan-an ló wà. Ti fọ́tò orí fóònù ò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ ní Google fi hàn pé bí àmì kan náà bá wà lára ọ̀pọ̀ fọ́tò, kọ̀ǹpútà lè fi wọ́n wéra, kó mọ bí àmì náà ṣe rí, kó sì nù ún kúrò lára gbogbo wọn.

Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń lo àmì tí ojú ò lè rí. Ẹyọ kéékèèké ni àwòrán orí fóònù. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà fún pupa, fún àwọ̀ ewé àti fún búlúù, láti 0 dé 255. Ẹ sọ 200 di 201, ojú wa ò ní mọ̀, àmọ́ kọ̀ǹpútà á mọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe lè fi orúkọ pamọ́ sínú fọ́tò. Lóòótọ́, bí WhatsApp bá ti fún fọ́tò náà kéré, irú àmì yìí lè pa rẹ́. Àwọn ọ̀nà míì wà tó lágbára jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n àmì tí ojú ò rí, kóòtù nìkan ló lè bá sọ̀rọ̀. Àwa ńkọ́? Àdéhùn WIPO ti 1996, tí Nàìjíríà náà fọwọ́ sí, ò fàyè gba ẹni tó yọ irú àmì bẹ́ẹ̀. Kò sì fàyè gba ẹni tó ń pín iṣẹ́ náà kiri, bó bá mọ̀ pé wọ́n ti yọ ọ́. "Bó bá mọ̀." Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ wa ń sá pamọ́ sí.

Lójú tiwa, "mi ò mọ̀" lè gbà wá lọ́wọ́ òfin, kò lè gbà wá lọ́wọ́ ara wa. Epo kì í dédé wà lájà. Ẹnì kan ló gbé e síbẹ̀. Àwọn kan á ní ṣebí à ń polówó onífọ́tò ni. Òótọ́ ni, bí orúkọ ẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, iṣẹ́ ẹlòmíì là ń fi ṣe fáàrí. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó fún yín: "Ta ló ya èyí?" Bí kò bá mọ̀, kò pọn dandan kẹ́ ẹ bá a gbé e kiri.