Mi Ò Parọ́, Mi Ò Sì Sọ Òótọ́

Golf GTI tòkunbọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ń rú èéfín búlúù láràárọ̀. Mẹkáníìkì wa ní Adéwọlé níbí ní tọ́bò ló ń jẹ ọ́ìlì. Èéfín ẹ́ńjìnnì ló ń yí tọ́bò; ó lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Tẹ́ ẹ bá sáré dé, tẹ́ ẹ pa ọkọ̀ lójijì, ọ́ìlì inú ẹ̀ á jóná di èédú. Ó jọ pé ẹni tó lò ó ṣáájú mi ò ní sùúrù ìṣẹ́jú kan.

Mẹkáníìkì ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká da ọ́ìlì tó ki sí i, èéfín á lọ fúngbà díẹ̀. Kẹ́ ẹ tà á."

Ọmọkùnrin kan ládùúgbò fẹ́ fi owó kọ̀pọ́rétíìfù ìyá ẹ̀ rà á. Kò ní béèrè nípa tọ́bò, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Tí mo bá dákẹ́, ṣé irọ́ ni mo pa? Ẹni tó tà á fún mi náà ò ṣáà parọ́. Mi ò béèrè, kò sọ. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń pè é lólè.

Mo sọ fún ọmọ náà lánàá. Ó ní kí n yọ owó tọ́bò kúrò nínú iye tí mo pè é. Mi ò tíì fún un lésì.